Omi Tí Ìyá Ètò Dà Sílẹ̀

Àga títò ló sọ ọ́ lórúkọ. Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà níṣẹ́, ó ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ tó ti ń fọ aṣọ oníbàárà, tó ń fi sítáàṣì sí i, tó sì ń lọ̀ ọ́ títí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì á fi dúró gan-an bí ọmọ tí wọ́n ń bá wí. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ìyá Ètò ni gbogbo èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Bó bá to àga tán, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, á di ojú kan, á fi èkejì wo ìlà náà bí ọdẹ tó fẹ́ yìnbọn. Àga tó bá yọrí síta, orúnkún ló máa fi tì í wọlé. Bí èèyàn bá pẹ́ dé, kì í pariwo mọ́ ọn. Á kàn wò ó láti orí dé bàtà, á wá ṣíwájú rẹ̀ lọ sí àga ẹ̀yìn pátápátá. Àwọn tó ti rin ìrìn yẹn rí ní ó dà bí ìgbà tí ọlọ́pàá bá ń mú èèyàn lọ ságọ̀ọ́.

Ẹnu rẹ̀ mú ju abẹ lọ. Ó ti sọ fún olórí akọrin rí, níwájú gbogbo ìjọ, pé ohùn tó ń mú yẹn, bí wọ́n bá sá a sórí okùn kò lè gbẹ. Pásítọ̀ pàápàá máa ń wo aago bó bá kù díẹ̀ kó pẹ́.

Ṣọ́ọ̀ṣì náà ò nílé tirẹ̀. Gbọ̀ngàn kan ni wọ́n ń háyà, ilé onígun mẹ́rin tó wà láàárín ilé ìfowópamọ́ kan àti ibi tí wọ́n ti ń tún táyà ṣe, tó jẹ́ pé bí àwọn kan ṣe ń jáde lẹ́yìn ni àwọn mìíràn ń wọlé níwájú. Ẹgbẹ́ oníjó ń lò ó. Àwọn tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ara wọn yọ lọ́wọ́ ọtí ń lò ó. Lọ́sàn-án Jímọ̀, àwọn Mùsùlùmí máa ń tẹ́ ẹní síbẹ̀, wọ́n á kírun, wọ́n á ká ẹní, wọ́n á lọ. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì á wá ṣe àdúrà, wọ́n á sì padà wá láàárọ̀ Sọ́ńdè. Ọkùnrin tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn, Oníkọ́kọ́rọ́, kì í rẹ́rìn-ín, kì í sì í bínú. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ fún gbogbo wọn: “Ọlọ́run yín lẹ mọ̀. Ẹ ṣáà bá mi paná bẹ́ ẹ bá ń lọ.”

Ẹ wá gbọ́ o. Obìnrin yìí ní ohun kan tó ń ṣe tí kò jẹ́ kẹ́nì kankan mọ̀. Kò lè gbàdúrà láìṣe àlùwàlá.

Àlùwàlá gan-an ni mo wí, ti omi, ti ẹnu, ti imú, ti ẹsẹ̀. Kì í ṣe pé ó ń ṣe ẹ̀sìn méjì. Jésù ló ń pè, tọkàntọkàn ló sì fi ń pè é. Ṣùgbọ́n bí kò bá tíì fọ ara, ọ̀rọ̀ àdúrà á há a lọ́fun bí òkèlè tí wọn ò jẹ kúnná. Bàbá rẹ̀ ni ládàánì àdúgbò wọn, ohùn tó fi ń pe ìrun ló ń jí gbogbo èèyàn. Òun ló di ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀ mú nígbà tí ọmọ náà ò tíì ju ìṣáasùn lọ, tó ń da omi sí i, tó ń sọ fún un pé, “Àárín ọmọ ìka, má gbàgbé àárín ọmọ ìka. Ibẹ̀ ni ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sí.” Ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá fi omi tútù kọ́ èèyàn láàárọ̀ kùtùkùtù, ṣé ó ṣeé gbàgbé ni?

Irọ́ tó fi ń bo èyí mọ́lẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ló pa á. Akọrin ni ọkùnrin náà, ọmọ oníṣọ́ọ̀ṣì ponbele, ọjọ́ tó sì kọ́kọ́ mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, kí màmá náà tó la ẹnu, ọmọ rẹ̀ ti sáré dáhùn ohun tí wọn ò bi í: “Màmá, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí i sí o.” Àfẹ́sọ́nà náà wo ojú ọkùnrin náà, ó panu mọ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń tọ́ irọ́ náà dàgbà, ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń wọṣọ fún un. Ọkọ rẹ̀ kú, irọ́ ò bá a kú. Nígbà tí ládàánì náà jáde láyé, obìnrin náà sọ fún ìjọ pé àbúrò òun kan ló bímọ, òun fẹ́ lọ wẹ ọmọ. Òkú bàbá rẹ̀ ló lọ sin. Nígbà tó dé, wọ́n bá a dúpẹ́, wọ́n kọrin ayọ̀ ìkókó fún un. Òun náà jó.

Ìdí nìyẹn tó fi máa ń kọ́kọ́ dé gbọ̀ngàn. Wọ́n rò pé torí àga ni. Á ti ilẹ̀kùn ilé ìtọ̀ mọ́ra, á bọ́ bàtà, á fọ ọwọ́, á yọ ẹnu, á gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú síǹkì, á gbé tòsì. Lẹ́yìn náà á nu ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Alágbàfọ̀ ni, ta ló mọ omi nù jù ú lọ?

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, ẹsẹ̀ òsì ló wà nínú síǹkì nígbà tó gbọ́ ọ̀pá Màmá Àga Iwájú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó, kó, kó. Màmá yìí ló dàgbà jù nínú ìjọ, àga rẹ̀ wà níwájú pátápátá nítorí etí, kì í sì í sábà tètè dé. Ọjọ́ náà ló wù ú láti tètè dé. Ìyá Ètò fa ẹsẹ̀ yọ, ó tì í bọ bàtà tòun ti omi, ó pa ẹ̀rọ, ó jáde. Kò nu ilẹ̀.

“Ẹ káalẹ́, Màmá.”

“Káalẹ́, Ètò. Àwọn tó kù dà?”

“Wọ́n ń bọ̀, Màmá. Wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá kóòmù.”

Màmá rẹ́rìn-ín, ó kọjá lọ sílé ìtọ̀. Ìyá Ètò lọ sídìí àga. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ìlà kìíní, àwọn mìíràn sì ti ń wọlé, kó tó gbọ́ ọ. Ariwo náà ò pọ̀. Ó dà bí ìgbà tí aṣọ tútù bá já bọ́ láti orí tábìlì.

Màmá ti ṣubú, apá rẹ̀ sì ti kán. Wọ́n rọ̀gbà yí i ká lórí táìlì, Pásítọ̀ ń pe ọkọ̀ aláìsàn, ẹnì kan sì wí pé, “Omi ni. Ẹ wo ilẹ̀.” Ẹlòmíràn dáhùn pé, “Àwọn ará Jímọ̀ nù un. Ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ni wọ́n máa ń fọ̀ nínú síǹkì ni?” Gbogbo wọn bá ń mi orí, ọ̀rọ̀ ti yé wọn.

Pásítọ̀ yíjú sí i. “Ìyá Ètò, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ dé. Ṣé bí ẹ ṣe bá ilẹ̀ nìyí?”

Ẹnu tó ń sọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ lójúmọ́, kí ló lè jẹ́ ìṣòro nínú ẹyọ kan? Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń wí pé, “Bí mo ṣe bá a nìyí.”

Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ì bá mọ níwọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dáṣọ fún irọ́, á fẹ́ ran fìlà mọ́ ọn. Ní Sọ́ńdè, nígbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn ìsìn, ó ní, “Ẹni tó bá fẹ́ wẹ ẹsẹ̀, kó wá odò lọ. Síǹkì kì í ṣe odò.” Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì ń ta á lẹ́nu bí omi ọṣẹ. Nínú bàtà rẹ̀, àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ká jọ bí ìjàpá tó rí ọ̀pá.

Ẹ̀rín náà gbé wọn lọ jìnnà. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ṣọ́ọ̀ṣì ti gbé ẹjọ́ lọ bá ìgbìmọ̀ gbọ̀ngàn pé kí wọ́n má háyà ibẹ̀ fún àwọn ará Jímọ̀ mọ́, pé arúgbó ti fara pa, ta ló mọ ẹni tó kàn. Alága ìgbìmọ̀ ní òun á pe ẹgbẹ́ méjèèjì jọ. Pásítọ̀ ní Ìyá Ètò ni ẹlẹ́rìí àwọn, òun ló fojú ara rẹ̀ rí i.

Kí ọjọ́ ìpàdé tó pé, Lèmọ́mù àwọn ará Jímọ̀ wá bẹ ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Káfíńtà ni, ọkùnrin kúkúrú kan tó ní ìyẹ̀fun igi nínú irùngbọ̀n, ó sì di ọwọ́ bàbá arúgbó kan mú. Ó bọ́ fìlà kó tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ kú ìsìn o. Ẹ jọ̀wọ́, àwa kì í ṣe àlùwàlá níbí. Ọjọ́ tí a gba gbọ̀ngàn yìí la ti jọ sọ ọ́ pé kí kálukú ṣe é nílé kó tó wá, torí síǹkì kan ò lè gba gbogbo wa. Ẹnì kan ṣoṣo la yọ̀ǹda fún, nítorí àgbà. Bàbá wa nìyí.”

Àwọn èèyàn rẹ̀ ń pe bàbá náà ní Bàbá Olómi. Ó ní, “Ara àgbà ò gba àlùwàlá dúró mọ́. Mo lè ṣe é nílé báyìí, kí n tó yí kọ́nà, atẹ́gùn kan á ti bà á jẹ́.” Àwọn kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ojú rẹ̀ wá rẹ̀wẹ̀sì. “Mi ò rántí pé mo da omi sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ń ṣe mí bíi pé mi ò tilẹ̀ wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kò sẹ́lòmíràn. Bí gbogbo èèyàn bá ní kò sẹ́lòmíràn, a jẹ́ pé èmi ni.”

Ó bi wọ́n léèrè èwo ni màmá tó ṣubú. Wọ́n ní màmá wà nílé, Ìyá Ètò ló rí i, òun ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga yẹn. Bàbá náà di ẹ̀yìn àga mú, ó kúnlẹ̀, eegun orúnkún rẹ̀ dún. Ó kúnlẹ̀ síwájú obìnrin tó lè bí lọ́mọ.

“Ìyá, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ẹ sọ fún un pé kì í ṣe àfojúdi.”

Gbogbo ojú wà lára rẹ̀. Òtítọ́ gun ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ dé ahọ́n, ó tún sọ̀ kalẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án. Kò ní kó dìde. Ohun tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, “A ti gbọ́.”

Pásítọ̀ ló sáré gbé bàbá náà dìde.

Lọ́jọ́ Ajé, Ìyá Ètò jó aṣọ oníbàárà. Ó gbé áyọ́ọ̀nù lé àyà ẹ̀wù funfun kan, ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀, òórùn ló jí i. Láti ìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́, kò jó aṣọ rí. Ó lọ sí yàrá rẹ̀ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí òun gbàdúrà láìfọ ara, bóyá Ọlọ́run á rí i pé òun ti kó àlùwàlá dànù. Ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó dìde, ó lọ fọ̀ ọ́, ó fọ àárín ọmọ ìka. Ọ̀rọ̀ ò tún jáde. Ó jókòó sétí ibùsùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ tútù, ó sì ń rí orúnkún àgbàlagbà tó ń dún lórí táìlì. Ìtìjú náà kì í ṣe ti ẹni tí wọ́n ká mọ́. Ìyẹn sàn, ìyẹn máa ń tán. Èyí jẹ́ ti ẹni tí wọn ò ká mọ́, tí wọ́n tún ń kí pé ó kú iṣẹ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí kò lè gbé e mọ́, ó ra búrẹ́dì, ó lọ kí Màmá Àga Iwájú. Yàrá Màmá wà lókè ilé alájà, fèrèsé kan, rédíò kan, ibùsùn tó tẹ́ bí ẹni pé Ìyá Ètò fúnra rẹ̀ ló tẹ́ ẹ. Wọ́n ti di apá rẹ̀ sínú nǹkan funfun tó le bí ògiri.

“Ara á le o, Màmá. Apá ń kọ́?”

“Apá wà níbi tó wà. Kí lo gbé dání?”

“Búrẹ́dì ni, Màmá.”

“Ìwọ náà. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ló ti gbé búrẹ́dì wá. Ṣé ẹ fẹ́ kí n máa tà á ni?”

Ó gbé e sórí tábìlì, ó jókòó. Màmá pa rédíò, ó wò ó pẹ́.

“Ṣé gìgísẹ̀ rẹ ti gbẹ?”

Ìyá Ètò fa ẹsẹ̀ méjèèjì sábẹ́ àga. “Màmá?”

“Mo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Nígbà tí gbogbo yín ń wo ojú mi, bàtà yín lèmi ń wò, kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè rí. Ti gbogbo èèyàn gbẹ. Tìrẹ nìkan ló ń dún pẹ̀ṣẹ̀pẹ̀ṣẹ̀ bí ẹni tó tẹ ẹrẹ̀.”

Ìyá Ètò wo bàtà ara rẹ̀.

“Mo ti mọ̀ tipẹ́,” Màmá ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. “Ẹni tó ń lọ ilé ìtọ̀ tó mi, kí ni ò ní rí? Mo ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn rí, mo bá ẹ lórí ẹsẹ̀ kan bíi lékeléke. Mo rọra tì í padà.”

“Ẹ ò sì sọ fẹ́nikẹ́ni.”

“Kí n sọ kí ni? Pé ẹnì kan ń fọ ẹsẹ̀ kó tó bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀? Àwọn kan nínú yín ì bá máa fọ ẹnu, ì bá dára.” Ó tún apá rẹ̀ gbé. “Ilẹ̀ tutù, mo ṣubú. Èèyàn ń ṣubú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní bàbá àgbà kan kúnlẹ̀ fún ẹ.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“O dúró, ó kúnlẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

“Kí lo wí fún un?”

Ó sọ ọ́. Ohùn rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí Màmá fi ní kó tún un sọ, ó sì ní láti sọ ọ́ sókè, nínú yàrá yẹn, pé, “Mo ní a ti gbọ́.”

Màmá kọjú sí fèrèsé.

“Ṣé ẹ máa sọ fún wọn ní ìpàdé, Màmá?”

“Èmi kọ́. Wọn ò bí mi ní agbẹnusọ rẹ. Mú búrẹ́dì rẹ dání bó o bá ń lọ.”

Ó mú un dání. Ó gbé e rìn la ìgboro já bí ẹni tó gbé òkú ẹran, kò sì lè jẹ ẹ́, kò lè dà á nù.

Inú gbọ̀ngàn gan-an ni wọ́n ti ṣèpàdé náà, lọ́sàn-án ọjọ́ iṣẹ́ kan. Alága ìgbìmọ̀, obìnrin kan tó máa ń wọ awò ojú méjì, ọ̀kan lójú, ọ̀kan lórí, jókòó sídìí tábìlì. Oníkọ́kọ́rọ́ dúró tì í. Pásítọ̀ àti Ìyá Ètò wà lápá kan. Lápá kejì ni Lèmọ́mù, Bàbá Olómi, àti ọmọbìnrin bàbá náà, nọ́ọ̀sì tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́, tó fi okùn gbé kọ́kọ́rọ́ kan kọ́rùn.

Nọ́ọ̀sì yìí ló kọ́kọ́ tọrọ ààyè. “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má torí bàbá mi lé àwọn tó kù. Àìsàn ni. Wọn ò rántí nǹkan mọ́. A ò tètè mọ̀, ọ̀rọ̀ omi yìí ló là wá lójú. A ti gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ wọn, a ti gbé sítóòfù kúrò, torí ẹni tó lè gbàgbé omi lè gbàgbé iná. Wọn ò ní dá gbé mọ́. A ti rí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn.”

Bàbá Olómi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n ń sọ.

Ìyá Ètò ò tíì gbọ́ èyí. Ó ti ro ti gbọ̀ngàn, ó ti ro ti orúkọ ara rẹ̀. Kò mọ̀ pé omi tí òun dà ti wọlé àgbàlagbà, ó ti gbé sítóòfù rẹ̀ lọ.

Alága ní, “Ìyá, ẹ̀yin lẹ rí i. Ẹ sọ fún wa.”

Ó dìde. “Èmi ni mo da omi náà.”

Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ tọ́ ọ lápá. “Àánú bàbá ló ń ṣe Ìyá Ètò. Bí wọ́n ṣe rí nìyẹn, ẹnu wọn le, inú wọn rọ̀.”

“Kì í ṣe àánú, Pásítọ̀. Àlùwàlá ni mo ń ṣe. Mo máa ń ṣe é kẹ́ ẹ tó dé. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Màmá, mo sáré, mi ò nù ún.”

“Ẹ ṣeun, Mà,” nọ́ọ̀sì náà wí, ojú rẹ̀ ti rẹ̀. “Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan bàbá mi. Tí ẹ bá lọ tán, èmi ni mo máa bá wọn gbé e.”

Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Irọ́ tó pa ní gbólóhùn kan, kíá ni wọ́n gbé e mì. Òtítọ́ wá ń há wọn lẹ́nu. Gbogbo ọdún tó fi to àga ló wá dìde jẹ́rìí takò ó.

Ó bọ́ bàtà. Ó rìn láìwọ bàtà kọjá níwájú wọn lọ sí ilé ìtọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn, kò sì tì í. “Ẹ wá,” ló wí.

Wọ́n tẹ̀ lé e. Wọ́n kún ẹnu ọ̀nà, Pásítọ̀ níwájú, Alága ń sọ awò orí kalẹ̀ sójú. Ó tú ẹ̀rọ. Ó ti ṣe é tó ìgbà tí kò lóǹkà, kò sẹ́ni tó dúró wò ó tán láti ọjọ́ tí ọwọ́ bàbá rẹ̀ ti kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó fọ ọwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Ó yọ ẹnu. Ó fa omi símú, ó fọn ọ́n, ariwo náà sì jáde tó bí ariwo ṣe ń jáde, níwájú Pásítọ̀ rẹ̀. Ó bọ́jú. Ó ká apá aṣọ, ó fọ apá ọ̀tún dé ìgúnpá, ó fọ tòsì. Ó ṣí gèlè. Irun rẹ̀ ti funfun lábẹ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ìjọ. Ó fi ọwọ́ tútù pa orí, ó pa etí, tinú tẹ̀yìn. Ó gbé aṣọ sókè, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sínú síǹkì, obìnrin tó ti dàgbà, itan rẹ̀ ń gbọ̀n, ó di ẹ̀rọ mú kó má ṣubú. Ètè rẹ̀ ń mì, nǹkan kan ń jáde níbẹ̀ wúyẹ́wúyẹ́, èdè Lárúbáwá tí ó ti ní òun ò gbọ́ rí. Ó fi ìka ọwọ́ la àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó gbé tòsì. Omi ń ṣàn láti gìgísẹ̀ rẹ̀ sórí táìlì, ó lọ dúró síbi tí Màmá ti ṣubú gan-an.

Lèmọ́mù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ,” ó wí, kò wí i fún ẹnì kankan.

“Ìyá Ètò,” Pásítọ̀ ní, “ta ni yín gan-an?”

“Ọmọ ládàánì ni mí, sà.”

“Ẹ ní inú ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n bí yín sí.”

“Irọ́ ni mo pa. Mo ní bí mo ṣe bá ilẹ̀ nìyẹn, irọ́ ni ìyẹn náà. Jésù nìkan ni mi ò parọ́ fún. Òun mọ̀ pé mo máa ń fọ ẹsẹ̀ kí n tó wá.”

Alága tún awò rẹ̀ gbé sórí. Ó ní kò sẹ́jọ́ mọ́, kí àwọn ará Jímọ̀ máa lo ọjọ́ wọn. Oníkọ́kọ́rọ́ ní òun á lọ gbé mọ́ọ̀pù. Pásítọ̀ dúró díẹ̀, ó rọ ohùn sílẹ̀, “Ẹ jẹ́ kẹ́lòmíràn máa to àga ná.” Kò sọ bóyá torí irọ́ ni, tàbí torí àlùwàlá. Òun náà ò bi í. Ó yà á lẹ́nu pé ohun tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bẹ̀rù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ báyìí, kò sì dùn ún tó ojú tó wà lẹ́yìn Pásítọ̀.

Nítorí Bàbá Olómi ti wọlé. Ọmọ rẹ̀ di apá rẹ̀ mú, ó rọra já a gbà.

“Ọmọ mi yìí,” ó ní, “àràárọ̀ ló ń béèrè orúkọ mi lọ́wọ́ mi. Kó lè mọ̀ bóyá mo ṣì mọ̀ ọ́n. Èmi, tí mo sọ òun lórúkọ.”

“Bàbá,” nọ́ọ̀sì wí.

“Dákẹ́. Mo máa ń dúró síwájú dígí, màá bi orí mi pé, orí, ṣé o ti fi mí sílẹ̀ ni? Mo bá orí mi jà. Mo bú u. Orí mi ò sì ṣe nǹkan kan.” Ó yíjú sí Lèmọ́mù. “Ẹ̀yin náà. Mo ní mi ò rò pé èmi ni, ẹ ní, Bàbá, ẹ gbà kó tán.”

Lèmọ́mù tẹ orí ba, ìyẹ̀fun igi dà sílẹ̀ láti irùngbọ̀n rẹ̀.

Ìyá Ètò kúnlẹ̀. Inú omi ló kúnlẹ̀ sí, láìwé gèlè, láìwọ bàtà. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, ó fẹ́ sọ ti ọkọ rẹ̀, ti ẹ̀rù, ti bàbá rẹ̀ tó lọ sin ní kọ̀rọ̀ bí ẹni jalè. Gbogbo rẹ̀ ń dún bí àwáwí létí ara rẹ̀ kó tó jáde. “Ẹ jọ̀ọ́, sà,” ni ó rí sọ.

Bàbá náà na ọwọ́. Ìyá Ètò gbé ojú sókè, ó rò pé òun ni bàbá na ọwọ́ sí. Kì í ṣe òun.

“Kọ́kọ́rọ́ mi,” bàbá wí fún ọmọ rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bọ́ okùn náà lọ́rùn. Bàbá gba kọ́kọ́rọ́, ó wò ó tinú tẹ̀yìn, ó fi sápò, ó fọwọ́ tẹ àpò náà kó lè dá a lójú. Lẹ́yìn náà ló wá wo obìnrin tó wà nílẹ̀. Kò sọ pé òun ti forí jì í. Kò sọ pé òun ò ní forí jì í.

“Dìde,” ó ní. “Omi ti ń wọ aṣọ rẹ.”

Ó di ògiri mú, ó fẹ̀sọ̀ gba ibi tó gbẹ kọjá, ó jáde. Obìnrin náà gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí kò kánjú, títí ilẹ̀kùn ìta fi padé. Oníkọ́kọ́rọ́ ti dé pẹ̀lú mọ́ọ̀pù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń retí kó dìde kí òun lè nu abẹ́ rẹ̀. Ìyá Ètò ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.